Láti "sùn" dé "dúró títí": Ìtàn ìdúró nínú ìdánwò aṣàwákiri

Àkótán

Àpilẹ̀kọ yìí sọ ìtàn bí àwọn tó ń kọ ìdánwò fún ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì ṣe fi ìdúró tí a fi ìṣẹ́jú àáyá wọ̀n sílẹ̀, tí wọ́n sì bọ́ sí ìdúró tó ń retí àmì. Mo tọ ìtàn náà láti ọdún 2004, nígbà tí Selenium bẹ̀rẹ̀, títí dé àwọn ètò tó tẹ̀lé e lẹ́yìn ọdún 2020. Èrò mi ni pé ìyípadà gírámà ni ìyípadà náà: àpólà tó ń sọ iye àkókò ló kúrò, awẹ́ gbólóhùn oní-"títí" ló sì gba ipò rẹ̀. Ẹni tí yóò kọ awẹ́ gbólóhùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń retí àti bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa tí à ń kọ Yorùbá ní àkọtọ́ méjì.

1. Ìfáàrà

Ìdánwò aṣàwákiri jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí ènìyàn níwájú ìkànnì. Ó ń ṣí Firefox tàbí Chrome, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú àpótí, ó ń tẹ bọ́tìnì, ó sì ń wò bóyá ohun tó yẹ kó jáde ló jáde. Bí ó bá jáde, ìdánwò yege. Bí kò bá jáde, ìdánwò kùnà, a ó sì lọ wá ohun tó bàjẹ́.

Ẹgbẹ́ ìwádìí tí mo wà nínú rẹ̀ ní irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ fún àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ tí à ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gírámà ni mò ń kọ́ni, ṣùgbọ́n èmi ni ìtọ́jú àwọn ìdánwò náà já lé lọ́wọ́. Nínú àwọn tí a jogún, ọ̀rọ̀ kan pọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ: sleep, ìyẹn "sùn". Lẹ́yìn bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, a ó rí i: sùn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, sùn fún márùn-ún. Ní Àjàṣẹ́, níbi tí ìlà íntánẹ́ẹ̀tì dára, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún jẹ́ àfiṣòfò. Ní Kétu, lórí íntánẹ́ẹ̀tì fóònù nírọ̀lẹ́, márùn-ún kò tó. Ìdánwò kan náà, lórí ìkànnì kan náà, a máa yege níhìn-ín, a sì máa kùnà lọ́hùn-ún.

Àwọn tó ń ka àbájáde rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Ìdánwò yẹn ló tún ń ṣe tiẹ̀." Ní ọjọ́ kan, àmì ohùn bọ́ kúrò lórí ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú àkójọ náà ní tòótọ́. Ìdánwò ké, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ ìdúró nìyẹn: ẹlẹ́rìí tó ń parọ́ lóòrè-kóòrè, bó bá sọ òótọ́, a kì í gbà á gbọ́ mọ́.

Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti bá ìṣòro yìí jà fún nǹkan bí ogún ọdún. Mo fẹ́ sọ ìtàn ìjà náà fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, nítorí mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tiwa.

2. Gbólóhùn mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àdògán. Ẹ fi (1) àti (2) wéra:

(1) Dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o tó da èlùbọ́ sí omi.
(2) Dúró títí omi yóò fi hó, kí o tó da èlùbọ́ sí i.

Nínú (1), àpólà "fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá" ń wọn dídúró náà fúnra rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa omi. Ẹni tó wí i ti fojú díwọ̀n iná ilé tirẹ̀; bí igi bá tútù, tàbí bí ìkòkò bá tóbi, ìwọ̀n náà di irọ́. Nínú (2), "títí" mú awẹ́ gbólóhùn odidi wọlé, tó ní olùwà tirẹ̀ (omi) àti ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ (hó). Kò sọ iye ìṣẹ́jú rárá. Iná gáàsì ni o, iná igi ni o, (2) ṣì jẹ́ òótọ́.

Àwọn ọkọ̀ tó ń ti Àjàṣẹ́ gba Pọ́bẹ̀ lọ sí Kétu ń tẹ̀lé (2). Awakọ̀ kì í wo agogo. Ó ń dúró títí ọkọ̀ yóò fi kún. Ṣùgbọ́n èrò tó ní àdéhùn ní Kétu ní nǹkan mìíràn lọ́kàn: bó bá di agogo mẹ́wàá tí ọkọ̀ yìí kò kún, òun yóò bọ́ sílẹ̀ wá òmíràn. Gbólóhùn tirẹ̀ ni (3):

(3) Dúró títí omi yóò fi hó. Bí ogún ìṣẹ́jú bá kọjá tí kò hó, yẹ iná wò.

Iye àkókò wà nínú (3), ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú (1). Nínú (1), ó ń sọ bí a ó ṣe dúró pẹ́ tó. Nínú (3), gbèdéke ni: ó ń sọ ìgbà tí a ó gbà pé nǹkan kò lọ déédéé. Bí omi bá hó ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, a kò ní dúró di ogún.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo pe irú (1) ní ìdúró oníwọ̀n, mo sì pe irú (2) àti (3) ní ìdúró alámì. Ìtàn tó kù jẹ́ ìtàn bí ìdúró oníwọ̀n ṣe jọba, àti bí wọ́n ṣe rọra lé e kúrò.

3. Nígbà tí òpin ojú-ewé hàn kedere

Ní ìbẹ̀rẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, ojú-ewé ìkànnì dà bí ojú-ewé ìwé. Ẹni tó bá tẹ ìtọ́ka kan, odidi ojú-ewé àtijọ́ a lọ, odidi tuntun a dé. Bí tuntun bá ti dé tán pẹ̀lú àwọn àwòrán rẹ̀, aṣàwákiri a kéde ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní load. Nítorí náà, àmì kan ṣoṣo tó fún ohun gbogbo. Ẹni tó fẹ́ dán ìkànnì wò kò nílò ju kó retí load.

Àmì yìí kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ agbára nù. Ní ọdún 1999, Microsoft fi ohun kan sínú Internet Explorer 5 tó jẹ́ kí ojú-ewé tó ti dé lè tún béèrè nǹkan lọ́dọ̀ olùpèsè rẹ̀ láìjẹ́ pé ó lọ kó tó bọ̀. XMLHttpRequest ni orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Gmail jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2004, Google Maps tẹ̀lé e ní oṣù kejì ọdún 2005, àwọn méjèèjì sì fi hàn gbogbo ènìyàn ohun tí ọgbọ́n yìí lè ṣe. Ní oṣù kejì yẹn kan náà, Jesse James Garrett kọ àròkọ kan tó fún un ní orúkọ: Ajax. Láti ìgbà náà, ohun tó ti wà káàkiri láìní orúkọ di ohun tí gbogbo ènìyàn ń béèrè fún.

Kí ni èyí ṣe fún ìdánwò? Ó pa òpin ojú-ewé rẹ́. Load a dún, ṣùgbọ́n àtòjọ àwọn ọ̀rọ̀ kò tíì dé. Bọ́tìnì wà, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ràn. Ó dà bí ọjà tí ìsọ̀ ti dúró ṣùgbọ́n tí àwọn ọlọ́jà kò tíì dé. Ìdánwò tó bá sáré wọlé lẹ́yìn load yóò wá ohun tí kò tíì sí, yóò sì sọ pé ìkànnì bàjẹ́.

Àwọn tó ń kọ ìdánwò wá mú ohun tó sún mọ́ wọn jù. Sleep ti wà tipẹ́ nínú Unix, Java náà sì ní Thread.sleep tirẹ̀. Àṣẹ yìí ń sọ fún ètò pé kó má ṣe nǹkan kan títí àkókò yóò fi pé. Orúkọ rẹ̀ bá a mu gan-an: ẹni tó sùn kò rí ohun tó ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ tí à ń retí bá dé ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ètò kò mọ̀. Bí kò bá dé rárá, kò mọ̀.

4. Selenium àti àwọn àfòmọ́ rẹ̀

Ní ọdún 2004, Jason Huggins, tó ń ṣiṣẹ́ ní ThoughtWorks ní Chicago ní Amẹ́ríkà, kọ ètò kan láti máa dán ìkànnì wò tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà fi ń ka wákàtí iṣẹ́ àti ìnáwó wọn. Ó pè é ní Selenium. Ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ náà: ilé-iṣẹ́ Mercury ló ń ta irú ètò bẹ́ẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì máa ń sọ pé èròjà selenium ń pa oró èròjà mercury.

Àwọn àṣẹ Selenium ìgbà náà, tí wọ́n ń pè ní Selenese, yẹ fún onímọ̀ ẹ̀dá-èdè láti wò. Inú àtẹ ni wọ́n ń kọ wọ́n sí: àṣẹ, ohun tí àṣẹ ń ṣiṣẹ́ lé, àti iye. Àwọn àṣẹ náà ní àfòmọ́. Àfòmọ́ ìparí AndWait máa ń tẹ̀lé àṣẹ ìṣe: click túmọ̀ sí "tẹ̀ ẹ́", clickAndWait sì túmọ̀ sí "tẹ̀ ẹ́, kí o dúró kí ojú-ewé tuntun dé". Ẹ ó rí i pé ayé àtijọ́ ni àfòmọ́ yìí ń bá sọ̀rọ̀. Lórí ojú-ewé Ajax, ojú-ewé tuntun kò ní í dé, clickAndWait yóò sì dúró títí gbèdéke yóò fi pé, lẹ́yìn náà ni yóò kùnà.

Àwọn àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Láti ara ohun kan tí a lè wò lójú-ewé, bí àpẹẹrẹ Text, èdè náà ń ṣẹ̀dá àṣẹ mẹ́ta. assertText: wò ó, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, dá ìdánwò dúró. verifyText: wò ó, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ kí o máa lọ. waitForText: dúró títí yóò fi rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ nípa ojú-ewé. Ọwọ́ tí ẹni tó ń wò fi mú un ló yàtọ̀.

Àṣẹ pause náà wà nínú àtẹ kan náà, iye àkókò nìkan ló sì ń gbà. Nítorí náà, a kò lè sọ pé ìdúró alámì kò sí nílẹ̀ nígbà náà. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdúró oníwọ̀n. Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń mú oníwọ̀n? Mo rò pé ìdáhùn wà nínú ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Pause ń béèrè nọ́ńbà, ẹnikẹ́ni ló sì lè kọ 5000 síbẹ̀ láìwo ojú-ewé. waitFor ń béèrè ohun tó dà bí awẹ́ gbólóhùn: kí ni? ṣe kí ni? Ẹni tí kò mọ ojú-ewé náà kò lè dáhùn. Ìdúró oníwọ̀n rọrùn nítorí pé kò bi wá ní ìbéèrè kankan.

5. WebDriver àti ìdúró méjì nínú ilé kan

Ní ọdún 2007, WebDriver ti Simon Stewart jáde fún gbogbo ènìyàn. Selenium ń ṣiṣẹ́ láti inú ojú-ewé fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n WebDriver ń bá aṣàwákiri sọ̀rọ̀ láti ìta. Ní ọdún 2009 ni wọ́n kéde pé àwọn méjèèjì yóò di ọ̀kan, Selenium 2.0 sì jáde ní oṣù keje ọdún 2011.

Ó mú ìdúró alámì oríṣi méjì wá. Èkíní ni implicit wait. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo ìgbà tí ìdánwò bá wá nǹkan lójú-ewé tí kò rí i, yóò máa wá a títí gbèdéke yóò fi pé. Ìkejì ni explicit wait. Níbẹ̀, a ń kọ awẹ́ gbólóhùn tiwa: títí bọ́tìnì yóò fi ṣeé tẹ̀, títí àkọlé yóò fi ní ọ̀rọ̀ báyìí nínú. Bí a kò bá sọ nǹkan mìíràn, WebDriverWait ń yọjú wo ojú-ewé ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Èkíní rọrùn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ló mọ̀: "Ṣé ó ti wà?" Wíwà yàtọ̀ sí mímúra tán. Bọ́tìnì lè wà kó fara pamọ́. Ó lè hàn kó má tíì ṣeé tẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, bí a bá lo méjèèjì pọ̀, ìṣirò wọn a dàrú. Ìwé àlàyé Selenium fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé bí èkíní bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10, tí ìkejì jẹ́ 15, a lè rí i pé ìdánwò dúró fún 20.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2018, W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, fọwọ́ sí WebDriver gẹ́gẹ́ bí ìlànà àjùmọ̀lò. Gbèdéke mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 300 fún kí ojú-ewé dé, 30 fún ètò kékeré tí a rán sínú rẹ̀, àti 0 fún implicit wait. Ẹ kíyè sí odo yẹn. Ìlànà náà kò gbà láti dúró fún ẹnikẹ́ni tí kò bá kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ dúró.

6. Ìdánwò oníyèméjì

Nígbà tí ọdún 2010 fi kọjá, ìṣòro tí mo sọ nípa ẹgbẹ́ wa ti wà níbi gbogbo. Ìdánwò tó ń yege lónìí, tó ń kùnà lọ́la, láìsí pé ohunkóhun yí padà nínú ètò, ni mò ń pè ní ìdánwò oníyèméjì.

Ní ọdún 2014, Qingzhou Luo, Farah Hariri, Lamyaa Eloussi àti Darko Marinov, ní Yunifásítì Illinois, gbé ìwádìí kan jáde lórí àtúnṣe 201 tí wọ́n rí nínú ètò 51 tí gbogbo ènìyàn lè kà. Wọ́n tọpa ohun tó fa iyèméjì kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn tí wọ́n lè pín sí ìsọ̀rí, nǹkan bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé ìdánwò rán iṣẹ́ kan, kò sì dúró de èsì rẹ̀ bó ṣe yẹ. Kò sí okùnfà mìíràn tó sún mọ́ ọn. Ju ìdajì àwọn wọ̀nyẹn lọ ni wọ́n sì fi ìdúró alámì tún ṣe. Ní ọdún 2016, John Micco ti Google kọ̀wé pé nǹkan bí ìdánwò 16 nínú ọgọ́rùn-ún ní ilé-iṣẹ́ náà ló ní iyèméjì díẹ̀ tàbí púpọ̀.

Ìdúró oníwọ̀n ń náni lọ́nà méjì, ọ̀nà kan sì lòdì sí èkejì. Ká ní ìdúró 200 wà nínú àwọn ìdánwò kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3. Ìṣẹ́jú 10 ni ètò yóò fi sùn ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣe é. Bí a bá dín in kù kó lè yá, iyèméjì a pọ̀ sí i. Bí a bá fi kún un kó lè tó fún Kétu, Àjàṣẹ́ ni yóò máa san gbèsè náà lójoojúmọ́. Kò sí nọ́ńbà kan tó tọ́ fún ìlú méjèèjì, nítorí pé nọ́ńbà kò mọ ìlú tó wà.

7. Ìdúró wọ inú ọ̀rọ̀-ìṣe

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e ni pé ìdúró kúrò ní àṣẹ tó dá dúró, ó sì wọ inú àwọn àṣẹ tó kù. Capybara, tí Jonas Nicklas kọ fún èdè Ruby, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é. Ní ọdún 2012, Capybara 2.0 yọ àṣẹ wait_until kúrò pátápátá. Ìdí ni pé gbogbo àyẹ̀wò Capybara ló ti ń dúró fúnra rẹ̀, kò sí ohun tí àṣẹ ọ̀tọ̀ ń ṣe mọ́. Ní ọdún 2015, wọ́n yí orúkọ ètò gbèdéke wọn padà, láti default_wait_time sí default_max_wait_time. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi kún un, ṣùgbọ́n òun ló yà (1) kúrò lára (3). Orúkọ àkọ́kọ́ dún bí ìwọ̀n ìdúró. Orúkọ kejì sọ ọ́ yékéyéké pé gbèdéke ni.

Protractor, tó jáde ní 2013 fún àwọn ìkànnì tí a fi Angular kọ, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ń bi ojú-ewé fúnra rẹ̀ léèrè bóyá ó ti parí iṣẹ́. Ìdáhùn náà péye, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ èdè Angular nìkan ló lè dáhùn, Protractor sì kógbá wọlé ní 2023. Cypress so àyẹ̀wò àti ìdúró pọ̀: assert àti waitFor di ọ̀kan, àyẹ̀wò tó bá kùnà a tún ara rẹ̀ ṣe léraléra fún ìṣẹ́jú àáyá 4 kó tó gbà pé òun kùnà. Playwright, tí Microsoft gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2020, fi ìdúró sínú click gan-an. Kó tó tẹ bọ́tìnì, ó ń retí kí bọ́tìnì náà hàn, kó dúró sójú kan láìyẹ̀ fún àwòrán méjì tó tẹ̀léra, kí nǹkan mìíràn má bò ó, kó sì ṣeé tẹ̀.

Ẹni tó mọ àsokọ́ra ọ̀rọ̀-ìṣe wa yóò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. A lè sọ pé "Mo lé e, n kò bá a." Kò sí ìtakora nínú rẹ̀, nítorí "lé" kò ṣèlérí àbájáde. Ṣùgbọ́n "Mo lé e bá, n kò bá a" kò ṣeé sọ; "lé bá" ti gbé àbájáde sínú ara rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, click jẹ́ "lé" lásán. Ní Playwright, ó di "lé bá": yálà ó bá a, tàbí kó sọ fún wa pé òun kò bá a àti ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ìdúró ti wọ inú ọ̀rọ̀-ìṣe tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé nọ́ńbà kúrò nílé. Ìwé àlàyé Playwright sọ pé kí a má lo waitForTimeout nínú ìdánwò gidi. Àwọn tó ń lo Cypress ní òfin kan tó ń tọ́ka sí cy.wait oní-nọ́ńbà gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò pọn dandan. Puppeteer ti Google yọ waitForTimeout tirẹ̀ kúrò ní 2024.

8. Àmì tí kì í ṣe àmì

Ẹ má rò pé ìṣòro ti tán. Ẹni tó bá yan àmì tí kò tọ́ yóò padà sí ibi tó ti kúrò. Àpẹẹrẹ kan ni networkidle, tó ń sọ pé kí a dúró títí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá yóò fi kọjá tí ojú-ewé kò bá olùpèsè sọ ohunkóhun. Ó jọ àmì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ló wọ agbádá. Ojú-ewé kan lè dákẹ́ kó má tíì múra tán. Òmíràn lè máa sọ̀rọ̀ láìdákẹ́ kó ti múra tán tipẹ́.

Lórí ìkànnì èdè Yorùbá, ohun mẹ́ta mìíràn wà.

Èkíní ni bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ ọ̀. Unicode kò ní àmì ẹyọ kan fún un. A lè kọ ọ́ bí ọ (U+1ECD) tí àmì ìsàlẹ̀ (U+0300) tẹ̀lé, a sì lè kọ ọ́ bí o lásán tí àmì abẹ́ (U+0323) àti àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀lé. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lọ́dọ̀ ètò tó ń fi lẹ́tà wé lẹ́tà, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìdánwò lè máa retí "ọ̀nà" títí gbèdéke yóò fi pé, nígbà tí "ọ̀nà" wà gedegbe lójú-ewé. Kò sí àfikún àkókò tó lè wo èyí sàn. Àfi kí a sọ méjèèjì di irú kan kí a tó fi wọ́n wéra.

Ìkejì ni àkọtọ́ méjì. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ti ọdún 1975 tí wọ́n tún yẹ̀ wò ní 1990, ń lo ɛ, ɔ, sh àti kp níbi tí àkọtọ́ Nàìjíríà ń lo ẹ, ọ, ṣ àti p. Ìkànnì wa ní bọ́tìnì tó ń yí ojú-ewé láti àkọtọ́ kan sí èkejì láìjẹ́ pé ojú-ewé tún dé. Kí ni ìdánwò yóò máa retí lẹ́yìn bọ́tìnì yẹn? Bí a bá ní kó dúró títí "ilé" yóò fi hàn, kò ní í dúró rárá, nítorí "ilé" kò yàtọ̀ nínú àkọtọ́ méjèèjì. Àmì náà ti jẹ́ òótọ́ kí a tó tẹ bọ́tìnì. Bí a bá ní kó dúró títí "ishɛ́" yóò fi hàn, àmì gidi ni, nítorí "iṣẹ́" ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òye kan náà la fi ń wá ọ̀rọ̀ méjì tí ìró kan ṣoṣo yà sọ́tọ̀: ohun tó bá yàtọ̀ nìkan ló lè jẹ́rìí. Ẹni tó mọ àkọtọ́ ló lè yan àmì yìí. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà nìkan kò lè yàn án.

Ìkẹta ni àìsí. Báwo ni ìdánwò ṣe máa mọ̀ pé nǹkan kan kò ní í hàn, bí àpẹẹrẹ pé ìkìlọ̀ àṣìṣe kò jáde? Yorùbá ya "kò tíì dé" sọ́tọ̀ kúrò lára "kò dé". Ẹni tó ń wo ojú-ewé kò lè rí ju "kò tíì" lọ. Kò sí bó ṣe lè fojú rí "kò". Gbèdéke ni ibi tí a ti fẹnu kò pé "kò tíì" ti di "kò". Nítorí náà, nọ́ńbà kò lè kúrò pátápátá. Ó tún ní ipò tirẹ̀ níbi tí àkókò fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ohun tí à ń dán wò, bí ìfitónilétí tó gbọ́dọ̀ parẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

9. Ìparí

Ìtàn yìí kì í ṣe ti ẹ̀rọ tó yára sí i. Waitfor ti wà nínú Selenium láti ìgbà èwe rẹ̀. Ohun tó yí padà ni ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ìdánwò. Tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà tó. Nísinsìnyí, ó ní láti sọ olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe: kí ni yóò ṣe kí ni kí n tó mọ̀ pé ó ti parí?

Nínú ẹgbẹ́ wa, a ti ń yọ sleep kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí mo fi lélẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ràn mí lọ́wọ́ rọrùn. Kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi Yorùbá kọ gbólóhùn "dúró títí … yóò fi …" sínú ìwé. Bí wọn kò bá lè dí àlàfo méjèèjì, kí wọ́n padà lọ wo ojú-ewé. Bí wọ́n bá dí wọn, kí wọ́n bi ara wọn bóyá ohun tí wọ́n kọ ti jẹ́ òótọ́ kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnì. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi gbèdéke sí i.

Ìdánwò tí a fi ọ̀nà yìí kọ ń yege ní Àjàṣẹ́ láìfi àkókò ṣòfò, ó sì ń yege ní Kétu láìparọ́. Bó bá kùnà báyìí, a máa ń dìde lọ wò ó.